Edé Kò Mọ Iyọ̀ Òkèèrè: Ẹ Jẹ́ Kí A Tún Omi Warri Ṣe Fúnra Wa

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ ń kàwé ní ìlú Warri àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kéré lójú. Ọ̀rọ̀ edé wẹ́wẹ́ ni, àti ọ̀rọ̀ omi tí edé náà ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á dé òpin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ owó wa wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọgbọ́n wa náà sì wà níbẹ̀.

Àṣà tuntun kan ti wọ àárín wa. Àwọn kan nínú wa ń sin edé wẹ́wẹ́, èyí pupa, èyí aláwọ̀ aró, èyí olómi ọsàn, sínú àpótí gíláàsì tí wọ́n gbin ewéko sí. A kò bá wọn wí. Edé kì í pariwo bí ajá, kì í rùn bí ewúrẹ́, kò gba àyè nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́rin ń sùn sí, oúnjẹ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹni tí ìwé bá sú, tí ó bá jókòó wò ó bí ó ti ń jẹ̀ lórí ewé, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé edé náà ń kú. A ó rà á lónìí, yóò máa jẹ̀ káàkiri, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta a ó bá a ní ìsàlẹ̀ omi, ìlà funfun kan á yí i lọ́rùn ká, èèpo ara rẹ̀ tí ó fẹ́ bọ́ kò ní bọ́ tán. Nígbà náà ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ẹni tí ó tà á ló ta aláìsàn. Àwọn mìíràn á ní orí ẹni tí ó rà á ni kò gba ohun ọ̀sìn. Àwọn tí wọ́n gbọ́ díẹ̀ sétí á ní kò sí ohun tí a lè ṣe, àfi kí a ra iyọ̀ inú ike tí wọ́n ń kó wá láti Jámánì àti Amẹ́ríkà, kí a máa bù ú sínú omi.

Èrò tiwa rèé, a ó sì sọ ọ́ láì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Òtítọ́ ni pé omi Warri ṣófo, edé kò sì lè gbé inú òfìfo. Ṣùgbọ́n iyọ̀ inú ike òkèèrè kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo láti kún òfìfo náà. Ohun tí ó wà nínú ike yẹn wà ní ọjà wa, ó wà ní kẹ́mísìtì wa, ó wà nínú ohun tí à ń dà sí ààtàn. Ohun tí a kò tíì ní ni òye ìwọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní òye ìwọ̀n lè ṣe é láìsí ike náà. Ẹni tí kò bá sì ní in, bí ó ra ike mẹ́wàá, edé rẹ̀ á ṣì máa kú.

OMI TÍ Ó MỌ́, TÍ KÒ NÍ NǸKAN NÍNÚ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú omi tí à ń lò. Iyanrìn ni ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí Warri, Effurun àti Udu jókòó lé. Òjò tí ó ń rọ̀ níbí lọ́dún kan ju 2,500 mílímítà lọ. Òjò yìí ni ó ń gba inú iyanrìn kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ bóòhóòlù ti ń fà á jáde. Iyanrìn kì í yọ́ sínú omi, nítorí náà omi náà kò rí ohun púpọ̀ kó lọ́nà. Bí a bá wọn omi bóòhóòlù agbègbè yìí, a sábà máa ń rí i pé ó kan díẹ̀, pH rẹ̀ á wà láàárín 5 sí 6.5, calcium àti magnesium inú rẹ̀ á sì kéré gan-an. Ohun tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ni irin. Ẹ̀yin náà mọ omi tí ó mọ́ gaara nígbà tí a fà á, tí ó di pupa bí ìpẹtà nínú báàkẹ́tì ní ọjọ́ kejì.

Ẹ wo odò Ethiope náà, tí ó ṣẹ̀ ní Umuaja, tí ó gba Abraka kọjá, tí ó sì lọ sí Sapele. Omi rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí à ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mímọ́ omi kò sọ pé ohun aṣaralóore wà nínú rẹ̀. Omi tí ó mọ́ jù lọ lójú lè jẹ́ omi tí kò ní nǹkan kan láti fún edé.

Ẹ wá fi èyí wé apá ibì kan nílẹ̀ Yorùbá. Ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì pọ̀ nínú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì síbẹ̀ ní 1960. Òkúta náà kún fún calcium. Omi tí ó bá gba inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá a máa le, ọṣẹ kì í sì í tètè hó nínú rẹ̀. Ní Warri ńkọ́? Àwa tí a dàgbà níbí mọ̀ pé bí a bá fi ọṣẹ kan ara pẹ́rẹ́n, ìfófòó á bò wá, àtiṣan án kúrò á sì di iṣẹ́. Ọṣẹ ti sọ irú omi tí a ní fún wa tipẹ́. A kò kàn fetí sí i ni.

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n omi tí ó ṣófo lè di ọ̀tá edé. Ìdí ni pé edé kò ní egungun nínú ara; èèpo ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀, calcium sì ni ohun pàtàkì tí ó ń mú un le. Bí edé ti ń dàgbà, èèpo náà á fún un mọ́ra, yóò bọ́ ọ sílẹ̀, yóò sì mú tuntun jáde. Inú omi ni ó ti ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú calcium tí ó fi ń ṣe èyí tuntun. Bí calcium kò bá sí nínú omi, èyí àtijọ́ kò ní bọ́ dáadáa, èyí tuntun kò sì ní le. Ìlà funfun tí à ń rí lọ́rùn òkú edé, ìyẹn ni ó ń wí. Kì í ṣe orí ẹni tí ó rà á.

Ewéko inú àpótí náà kò gbẹ́yìn. Magnesium ni ó wà ní àárín gbùngbùn ohun tí ó ń mú ewé rí ní àwọ̀ ewé. Bí kò bá tó, ewé á máa pọ́n láàárín iṣan rẹ̀. Ì báà jẹ́ ojú oró tí ó léfòó, ì báà jẹ́ òṣíbàtà, ì báà jẹ́ Anubias tí ó ń hù lẹ́bàá odò nínú igbó tiwa níhìn-ín, gbogbo wọn ni ó ń jẹ nínú omi kan náà pẹ̀lú edé.

Àwọn tí ń sin edé ń lo orúkọ méjì tí ó yẹ kí a mọ̀. GH ni àpapọ̀ calcium àti magnesium inú omi. KH ni ohun tí ó ń di pH mú kí ó má baà máa já sísàlẹ̀ lójijì. Edé pupa tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà, Neocaridina davidi, tí ó ti Ṣáínà àti Taiwan wá, ń fẹ́ GH bíi 6 sí 8, àti KH bíi 2 sí 4. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan, àwọn Caridina aláwọ̀ pupa-àti-funfun tí owó wọn ga, ń fẹ́ GH bíi 4 sí 6, wọn kò sì fẹ́ KH rárá tàbí kí ó má ju 1 lọ. Nítorí náà, kí a tó béèrè pé kí ni a ó bù sínú omi, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé edé wo ni.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ IKE ÒKÈÈRÈ?

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ike tí ó lókìkí jù, Seachem Equilibrium ti Amẹ́ríkà, kí ẹ ka ara rẹ̀. Ẹ ó rí calcium sulphate, magnesium sulphate àti potassium sulphate, pẹ̀lú irin àti manganese díẹ̀. Orúkọ ńlá ni lójú ẹni tí kò ka kẹ́mísìrì. Ṣùgbọ́n calcium sulphate náà ni POP tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi ṣe àjà ilé ní gbogbo ìlú yìí, òun náà ni wọ́n sì ń fi mọ ṣọ́ọ̀kì tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé sí ojú pátákó. Òkúta tí wọ́n ń sun kí ó tó di POP wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Nafada ní ìpínlẹ̀ Gombe àti ní Fika ní ìpínlẹ̀ Yobe. Magnesium sulphate ni Epsom salt tí kẹ́mísìtì ń tà fún ẹni tí inú rẹ̀ dè. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Epsom ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gba orúkọ, nítorí omi kíkorò tí wọ́n rí níbẹ̀ ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ni ó wà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, ohunkóhun tí a bá fi dọ́là rà ni ó ti gbówó lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jẹ gààrí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tí ó wá ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra Epsom salt tí wọ́n fún ní orúkọ mìíràn, ó yẹ kí ẹnìkan fà á létí.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ KÒ GBÓWÓ

Èkínní ni ìkarahun. Ìkarahun ìṣáwùrù, èyí tí gbogbo Warri ń pè ní periwinkle, pọ̀ níhìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ kọnkéré kọ́lé. Èèpo ẹyin pọ̀ lẹ́nu géètì lọ́dọ̀ àwọn tí ń dín ẹyin fún wa. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ calcium carbonate pátápátá, ìyẹn ohun kan náà tí ó wà nínú òkúta Ewékorò. Kí a sè é kí awọ àti ẹran ara rẹ̀ kúrò. Ti ìṣáwùrù, kí a rẹ ẹ́ sínú omi lásán fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí omi oníyọ̀ ni ó ti wá. Kí a sá a gbẹ, kí a fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí a dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a sì fi sí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá nínú asẹ́. Omi Warri tí ó kan ni yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kíkan tí à ń ráhùn sí tẹ́lẹ̀ wá di olùrànlọ́wọ́. Bí pH bá sì ti ń sún mọ́ 7.5, jíjẹ náà á dínkù fúnra rẹ̀, nítorí náà kò rọrùn láti fi ìkarahun ṣe àṣejù.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìkarahun nìkan ti tó. Kò yá, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí omi tó yí padà. Kò sí magnesium tí ó tó nǹkan nínú rẹ̀. Ó sì ń gbé GH àti KH sókè pọ̀, nítorí náà kò bá àwọn edé tí kò fẹ́ KH mu.

Èkejì ni òkúta mábù Ìgbẹ́tì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mábù yìí ní magnesium pẹ̀lú calcium nínú. Ẹni tí ó bá ń lọ sí apá ibẹ̀ lè ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gé e bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rún rẹ̀ díẹ̀. Bí a ti ń lo ìkarahun ni a ó ṣe lò ó, àmọ́ ó lọ́ra ju ìkarahun lọ. Kí a rí i pé kò sí gọ̀ọ́mù tàbí ọ̀dà lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni POP àti Epsom salt. Èyí ni ó yá jù, òun ni a sì lè wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ sórí kẹ́ẹ̀gì olómi lítà 25 tí gbogbo wa fi ń pọn omi. POP gíráàmù 2.5 pẹ̀lú Epsom salt gíráàmù 2, nínú kẹ́ẹ̀gì kan omi tí kò ní nǹkan nínú, yóò gbé GH rẹ̀ dé nǹkan bí 5.7. Ìpín bíi 4 nínú rẹ̀ á ti ara calcium wá, èyí tí ó kù á ti ara magnesium wá. Ẹ má ṣe fi omi díẹ̀ po POP o, yóò le bí òkúta ni. Inú ìgò lítà kan ààbọ̀ ni kí ẹ bù ú sí, kí ẹ gbọn ọ́n dáadáa, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ sì tún gbọn ọ́n kí ẹ tó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n ńkọ́? Ọgbọ́n wà. Kẹ́mísìtì ti wọn Epsom salt sínú ọ̀rá fún wa. Bí a bá da ọ̀rá gíráàmù 100 sínú ìgò, tí a bu omi lé e títí gbogbo rẹ̀ fi di lítà kan, mílílítà 10 nínú rẹ̀ á máa jẹ́ gíráàmù 1. Sírínjì olówó pọ́ọ́kú láti kẹ́mísìtì kan náà ni a ó fi fa mílílítà 20. Ti POP tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lítà omi kan kò lè mú ju nǹkan bí gíráàmù 2.5 calcium sulphate lọ sínú ara rẹ̀. Nítorí náà, kí a bu POP ṣíbí méjì sínú ìgò omi lítà kan ààbọ̀, kí a máa gbọn ọ́n léraléra ní ọjọ́ kìíní kí ó má baà dì, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó fi tòrò. Lítà kan àti díẹ̀ nínú omi tí ó tòrò lókè yẹn ti tó kẹ́ẹ̀gì kan. Omi fúnra rẹ̀ ni ó bá wa wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni baking soda, fún KH nìkan. Gíráàmù 1.5 nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 yóò fi bíi 2 kún KH rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ń lo ìkarahun kò nílò rẹ̀. Kò ní calcium kankan nínú, nítorí náà kò lè gba ipò àwọn tí a ti kà ṣáájú.

Ìlànà mélòó kan tún wà. Omi tí ó ní irin, kí a kọ́kọ́ rọ́ ọ sínú báàkẹ́tì tí ó gba afẹ́fẹ́, kí a jẹ́ kí irin náà silẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí a sì sẹ́ èyí tí ó wà lókè. Omi òjò orí páànù, kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé fún ìgbà pípẹ́ kí a tó gbè é, nítorí èéfín àti síńkì. Bí omi inú àpótí bá fà nítorí ooru, omi lásán ni kí a fi kún un, kí a má ṣe bu iyọ̀ sí i, nítorí omi nìkan ni ó fà lọ. Iyọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tí a bá ń pààrọ̀ omi, ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ni a ó fi omi tí a ti tún ṣe rọ́pò. Ìyípadà òjijì a máa pa edé ju omi búburú lọ. Bí edé bá sì bọ́ èèpo sílẹ̀, ẹ má kó o dànù, yóò jẹ ẹ́ padà.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A BÙ SÍNÚ OMI

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di ohun tí kò gbówó, àwọn ọlọ́gbọ́n-orí kì í jìnnà. Ẹnìkan á ní káún ni, torí pé káún náà funfun, ó sì ń mú omi le lẹ́nu. Káún kò ní calcium tí edé ń wá. Sódà ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, yóò gbé pH sókè lójijì, edé á sì kú. Ẹlòmíràn á ní álọ́ọ̀mù, nítorí òun ni ìyá wa ń fi tún omi odò ṣe. Álọ́ọ̀mù ń jẹ KH inú omi run ni, ó sì ń mú un kan sí i. Omi Warri kò nílò ìyẹn. Ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà, amọ̀ funfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kò ní ohun kan láti fún edé. Eérú ń ta edé lára. Egungun a máa fi phosphate sínú omi, ewédò á sì bo gbogbo gíláàsì. Ọtí kíkan tí àwọn kan fi ń yọ́ èèpo ẹyin a máa bọ́ kòkòrò inú omi títí omi á fi dàrú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá tí edé wà. Ohun tí ń pa ẹ̀fọn ń pa edé, ìbátan ni wọ́n.

ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ PẸ̀LÚ WA

A mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ wa kò dán mọ́rán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ohun tí a rà ní owó gọbọi ni à ń bọlá fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni kò ní láárí. Wọ́n ní POP àwọn oníṣẹ́ àjà lè ní àmúlùmálà nínú. Òtítọ́ ni. Nítorí náà, èyí tí kò ní àdàlù ni kí a rà, irú èyí tí àwọn tí ń mọ ṣọ́ọ̀kì ń lò, kí a sì fi edé méjì péré dán an wò kí a tó dà á lu gbogbo wọn. Wọ́n ní ìwọ̀n inú ike òkèèrè kì í yẹ̀. Òtítọ́ tún ni. Ẹni tí ó bá ń sin Caridina olówó gọbọi fún títà, tí ẹyọ kan rẹ̀ lè san owó ike náà, kí ó ra ike rẹ̀. A kò bá a jà. Àwa ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní edé pupa mẹ́wàá nínú lítà 20 sọ̀rọ̀.

Wọ́n tún lè béèrè pé kí ni a fẹ́ fi gbogbo làálàá yìí gbà. Ìdáhùn wa ni pé nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí a ti kọjá, wọ́n kọ́ wa ní omi líle àti omi tí kò le. A kọ ọ́ sínú ìwé, a kọ ọ́ nínú ìdánwò, a gba máàkì lé e lórí. Bí ó bá wá di ọjọ́ tí omi tí kò le pa ohun ọ̀sìn wa nínú yàrá wa, tí a ní ayé ló ń bá wa jà, ìwé wo ni a kà?

EDÉ TI WA NÁÀ Ń BẸ

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó sì dùn wá jù. Edé wẹ́wẹ́ kan ń gbé inú odò kéékèèké ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, Desmocaris trispinosa ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ara rẹ̀ mọ́ bíi gíláàsì, kì í sì í kàn rìn nílẹ̀ bíi ti Ṣáínà; a máa léfòó láàárín omi. Ní Jámánì, orúkọ Nàìjíríà ni àwọn olùsìn edé fi ń pè é, wọ́n sì ń fi owó rà á. Omi tí kò le, tí ó kan díẹ̀, irú èyí tí a ń ráhùn sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ni ilé tirẹ̀. Ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ wa kò tó ìdajì ohun tí edé àjèjì ń gbà.

Nítorí náà, nínú gbogbo ọ̀nà tí a ti kà, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni pé kí a sin edé tí omi wa bá lára mu. Àwọn ìyá àti bàbá apẹja, Itsekiri, Urhobo, Ìjọ̀ àti Ìlàjẹ, mọ àwọn odò tí edé wẹ́wẹ́ wà. Èdè Itsekiri àti Yorùbá jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹni tí ó bá kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kò ní ṣàìrí ẹni dá a lóhùn. Àwa ọmọ Yorùbá tí a bí sí ìdálẹ̀, tí a dàgbà ní ìdálẹ̀, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú odò ibi tí ó tọ́ wa dàgbà.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹgbẹ́ rèé. Kí a dá owó díẹ̀díẹ̀ jọ, kí a ra òṣùwọ̀n kékeré kan àti ohun èlò ìdánwò GH àti KH kan fún gbogbo ẹgbẹ́, dípò kí olúkúlùkù máa ra ike tirẹ̀. Kí ẹni tí ó bá lò ó kọ ìwọ̀n omi àdúgbò rẹ̀ sínú ìwé kan: ti Effurun, ti Ekpan, ti Enerhen, ti Udu. Kí á tó parí sáà kan, a ó ti mọ omi tí à ń mu ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa á sì rí ibi tí wọn ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọn omi kí ẹ tó bu nǹkan sí i, ẹ mọ edé kí ẹ tó rà á, ẹ sì di owó oúnjẹ yín mú. Ire o.